Ìbejì Boston, Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn: Ìtàn Jíìnì Nínú Ìpààrọ̀ Kíndìnrín



Bí ẹ bá ń ka àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa jíìnì, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi pàdé lẹ́tà mẹ́ta kan: YRI. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn”. Ó ti tó ogún ọdún tí lẹ́tà wọ̀nyí ti ń jẹyọ nínú àwọn ìwé ìmọ̀ káàkiri ayé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Ṣáínà, àwọn ará Japan àti àwọn aláwọ̀ funfun ìpínlẹ̀ Utah. Àwa tí a yan ẹ̀kọ́ Yorùbá láàyò kì í gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ti fi orúkọ wa ṣe àmì nínú iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa nínú kíláàsì. Ọ̀kan nínú ohun tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn yẹn ràn lọ́wọ́ ni ìmọ̀ nípa ìdí tí kíndìnrín kan fi ń pẹ́ nínú ara ẹni tó gbà á, tí òmíràn kì í sì í pẹ́. Ìtàn yẹn ni a fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá àti ọmọ ìyá ni, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù tiwa náà.

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan. “Ìpààrọ̀ kíndìnrín” ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àwa náà ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pààrọ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe ní tòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í yọ méjì tó bàjẹ́ kúrò. Wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, wọ́n á wá gbé tuntun sí ìsàlẹ̀ ikùn, nítòsí ìbàdí, wọ́n á so ó mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àpò ìtọ̀. Ẹni náà á di ẹni tó ní kíndìnrín mẹ́ta, tí ọ̀kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́. “Gbígbìn” ì bá sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ẹnu ọjà ti borí.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ dájú láti gbé kíndìnrín ènìyàn sí ara ènìyàn mìíràn wáyé ní ọdún 1933, ní ìlú Kherson ní orílẹ̀-èdè Ukraine. Yurii Voronoy ni oníṣègùn tó ṣe é. Ó gba kíndìnrín lára òkú, ó fi sí ara obìnrin kan tó gbé májèlé jẹ. Ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ òkú náà ni B, ti obìnrin náà sì ni O. Ọjọ́ méjì péré ló lò kó tó kú. Ní òpin ọdún 1952, ní Paris, ìyá kan fi kíndìnrín rẹ̀ kan fún ọmọ rẹ̀ Marius Renard, ọ̀dọ́mọkùnrin tó já bọ́ láti òkè níbi iṣẹ́, tí wọ́n sì yọ kíndìnrín rẹ̀ tó fọ́ kí wọ́n tó rí i pé ọ̀kan yẹn nìkan ni Ọlọ́run fún un. Kíndìnrín ìyá ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ara ọmọ kọ̀ ọ́. Kíndìnrín ìyá tó bíni lọ́mọ pàápàá, ara kọ̀ ọ́.

Peter Medawar ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń bá àwọn tó jóná ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń gbìyànjú láti fi awọ ẹlòmíràn bo ojú egbò. Ní ọdún 1943, òun àti Thomas Gibson kọ̀wé lórí ohun tí wọ́n rí ní Glasgow: awọ àlejò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì tètè bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ni pé ara rántí. Àwọn ọmọ ogun ara ti rí ojú àlejò yẹn nígbà kan, wọn kò sì gbàgbé.

Nígbà náà ni ìbejì wọ ọ̀rọ̀ náà, èyí tó yẹ kó dùn mọ́ ẹ̀yà tó ń bí ìbejì bíi tiwa. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Herrick ń kú lọ nítorí àìsàn kíndìnrín, ó sì ní ìkejì, Ronald, tí wọ́n jọra bí ìmumu omi méjì. Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù Peter Bent Brigham ní Boston fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì. Kò sí àyẹ̀wò DNA nígbà náà. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lára Ronald, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Richard, wọ́n sì ń wò ó bóyá yóò gbé ibẹ̀. Wọ́n tún rán àwọn méjèèjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti lọ tẹ ìka. Ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, tó di ariwo ìlú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, wọ́n gbé kíndìnrín Ronald sí ara Richard. Ó ṣiṣẹ́. Richard fẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú rẹ̀, ó bímọ méjì, ó sì lo ọdún mẹ́jọ sí i kó tó kú ní 1963. Ronald dàgbà, ó darúgbó, ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Murray gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990.

Ẹ̀kọ́ tí ayé kọ́ láti ara Herrick ni pé bí jíìnì ẹni méjì bá dọ́gba, ara kò ní jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn ló tún da ojú gbogbo ènìyàn kọ ibì kan ṣoṣo fún bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta: ìbáramu láàárín olùtọrẹ àti olùgbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi kíndìnrín, pé “Ta ni ìwọ jọ?” Kò sí ẹni tó bi í pé, “Kí ni ìwọ fúnra rẹ gbé wá?”

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ṣe gudugudu méje. Jean Dausset ní ilẹ̀ Faransé tọ́ka sí àkọ́kọ́ nínú àwọn àmì tí a ń pè ní HLA lónìí ní ọdún 1958. Ẹ rò ó bí ilà ojú. Nígbà tí ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá, bí ẹ bá rí pélé tàbí àbàjà lójú ẹnì kan, ẹ ti mọ ibi tó ti wá kó tó lanu. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló kọ irú ilà bẹ́ẹ̀, ilà yẹn ni àwọn ọmọ ogun ara sì máa ń wò kí wọ́n tó pinnu ẹni tí wọn yóò gbógun tì. Orí kúrómósóómù kẹfà ni jíìnì tó ń kọ ilà náà wà. A gba ìdì kan lọ́wọ́ bàbá, a gba ìdì kan lọ́wọ́ ìyá. Nítorí náà, ọmọ bàbá kan ìyá kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti bá ara wọn mu pátápátá, méjì nínú mẹ́rin láti bá ara wọn mu ní ìdajì, àti kan nínú mẹ́rin láti má bá ara wọn mu rárá.

Níbí ni èdè wa ti mọ nǹkan kan tí ọ̀rọ̀ “àbúrò” lásán bò mọ́lẹ̀. Ọbàkan ni ẹni tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá nìkan, iyèkan ni ẹni tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Nínú ilé olórogún, ìyàtọ̀ yìí ń dá ìjà sílẹ̀ lórí ogún. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ó ń dín àǹfààní kù. Ọbàkan kò lè gba ìdì ti ìyá kan náà bíi tiwa, nítorí ìyá wa yàtọ̀, nítorí náà ìdajì ló sábà máa ń jẹ́ òpin ìbáramu rẹ̀ pẹ̀lú wa. Àwọn bàbá wa tó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kò mọ HLA, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya ohun tó yẹ ní yíyà.

Ní ọdún 1969, Ramon Patel àti Paul Terasaki ní California fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ da omi ẹ̀jẹ̀ olùgbà pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì olùtọrẹ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Nínú 30 ìpààrọ̀ tí àyẹ̀wò yìí ti kìlọ̀, 24 ló bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nínú 195 tí kò kìlọ̀, mẹ́jọ péré ni. Èsì àyẹ̀wò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe kedere tó báyìí, àyẹ̀wò náà sì ti di kò-ṣeé-má-ṣe láti ìgbà náà.

Oògùn náà ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn azathioprine àti ciclosporin ni tacrolimus dé, èyí tí wọ́n rí ní ọdún 1984 lára kòkòrò inú erùpẹ̀ Tsukuba ní Japan. Òun ni ọ̀pọ̀ tó gba kíndìnrín ń lò lónìí kí ara wọn má baà kọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló ń tú oògùn yìí ká, jíìnì kan tó ń jẹ́ CYP3A5 sì wà lára ohun tó ń pinnu bó ṣe máa yára tó. Lára ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, jíìnì náà kì í ṣiṣẹ́. Lára púpọ̀ nínú wa, ó ń ṣiṣẹ́ gidigidi: ẹ gbé oògùn mì, ara ti tú u ká kó tó ṣe ohun tí wọ́n rán an. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí oògùn kì í sì í tó irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2015 sọ pé ẹni tí jíìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè nílò ìlọ́po kan àtààbọ̀ sí ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, bí ara aláwọ̀ dúdú bá kọ kíndìnrín, ó rọrùn fún àwọn kan láti sọ pé kò lo oògùn rẹ̀ déédéé. Àwọn kan kò lò ó lóòótọ́. Àwọn mìíràn lò ó tọkàntọkàn, ẹ̀dọ̀ wọn ló yára.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣàkíyèsí fún ìgbà pípẹ́ pé bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kíndìnrín tó wá láti ara aláwọ̀ dúdú kì í pẹ́ tó ti aláwọ̀ funfun. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ máa ń ní àìsàn kíndìnrín ju ẹlòmíràn lọ, tí àìsàn náà á sì pọ̀ nínú ìdílé kan náà. Wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n sọ pé òṣì ni, wọ́n sọ pé àìrí ìtọ́jú tó dára ni. Gbogbo rẹ̀ ló ní òótọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe òṣùwọ̀n kan ní ọdún 2009 láti fi máa díwọ̀n bí kíndìnrín òkú ṣe máa pẹ́ tó, wọ́n kọ “aláwọ̀ dúdú” sí i gẹ́gẹ́ bí àléébù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ orí àti ìtọ̀ ṣúgà. Láti òpin ọdún 2014, òṣùwọ̀n yẹn ni gbogbo Amẹ́ríkà fi ń pín kíndìnrín. Kíndìnrín méjì lè dọ́gba nínú ohun gbogbo, kí wọ́n gba máàkì lára ọ̀kan nítorí àwọ̀ ẹni tó ni ín.

Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì kéde pé àwọn ti mú ọ̀daràn: jíìnì kan lórí kúrómósóómù kejìlélógún, MYH9. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti ọlọ́pàá tó tọpa olè dé àdúgbò, tó sì mú onílé àkọ́kọ́ tó kan lẹ́nu ọ̀nà. Ilé kejì ni olè wà. Ohun tó tú u fó ni ẹ̀jẹ̀ láti Ìbàdàn.

Iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, láti ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì ọmọ ènìyàn. Àwọn ìdílé Yorùbá ọgbọ̀n ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ kan láti inú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 90 lápapọ̀. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ jíìnì, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ àlàyé fún àwọn ará àdúgbò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ kan tó gbòòrò jù ú lọ, 1000 Genomes, tún ka lẹ́tà DNA inú ẹ̀jẹ̀ YRI ní kíkún. Nígbà tí Giulio Genovese, David Friedman, Martin Pollak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston (Boston náà ni o) yẹ DNA YRI yẹn wò, wọ́n rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ lára Yorùbá, tí kò sí lára àwọn ará Yúróòpù. Inú jíìnì tó múlé gbe MYH9 ló wà. APOL1 ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde nínú Science ní ọdún 2010. Àwọn onímọ̀ kan ní Ísírẹ́lì náà dé ibi kan náà lọ́dún yẹn.

Ìyàtọ̀ méjì ni: wọ́n pe ọ̀kan ní G1, wọ́n pe èkejì ní G2. Ìkíní-ìkejì wọn kò ṣòro fún ẹni tó bá mọ AA, AS àti SS. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àrùn fọníkúfọlá-ọmọ, ẹni tó gba ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá kò ní wàhálà púpọ̀, ẹni tó gba méjì ni ewu wà fún. Gẹ́gẹ́ bí ti AS náà, nǹkan kan wà tí jíìnì yìí ń ṣe fún wa. Pròtéènì APOL1 wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń pa kòkòrò trypanosome, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri tó ń fa àìsàn oorun. Irú kòkòrò kan, rhodesiense, ti gbọ́n: ó ní ohun tó fi ń so APOL1 lásán lọ́wọ́. G1 àti G2 bọ́ lọ́wọ́ ìdè yẹn, wọ́n sì ń pa á. Ohun tó ya àwa lẹ́nu nínú àlàyé yìí ni pé Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni rhodesiense wà lónìí, nígbà tó jẹ́ pé Ìwọ̀ Oòrùn, lọ́dọ̀ tiwa, ni G1 ti pọ̀ jù. Gambiense ni kòkòrò tiwa. Ìjà kan ti wáyé ní ilẹ̀ yìí láàárín àwọn baba ńlá wa àti kòkòrò, tí a kò mọ gbogbo rẹ̀. Àpá rẹ̀ ni a ń rù.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa rù ú kọjá òkun. Nǹkan bí 13 nínú 100 aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ní ẹyọ méjì. Èyí ni pé púpọ̀ jù nínú wọn kò ní i. Ẹ wá padà wo òṣùwọ̀n 2009 yẹn.

Ní ọdún 2011, Amber Reeves-Daniel, Barry Freedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Wake Forest, North Carolina, tọpa kíndìnrín 136 tó wá láti ara olóògbé aláwọ̀ dúdú. Nǹkan bí 16 nínú 100 ló wá láti ara ẹni tó ní ẹyọ méjì. Àwọn wọ̀nyẹn ni kò pẹ́. Àwọn tó kù ń ṣe dáadáa. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn onímọ̀ mìíràn yí ìbéèrè padà: bí olùgbà ló ní ẹyọ méjì ńkọ́? Kíndìnrín tí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tìtorí ìyẹn tètè bàjẹ́. (Àwọn kan tún gbé ìwé jáde ní ọdún 2021 tó ní ẹyọ inú olùgbà lè dá kún bí ara ṣe ń kọ kíndìnrín, ẹjọ́ yẹn ṣì wà ní kóòtù.) Kókó rẹ̀ ni pé kíndìnrín ń gbé jíìnì ilé rẹ̀ dání lọ sí ilé tuntun. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò di ti olùgbà láéláé. Bí ọmọ tí a gbà tọ́ tó ń sọ ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀ ló rí.

Nítorí náà, “àwọ̀” tí wọ́n fi ń gba máàkì kì í ṣe àwọ̀ rárá. Jíìnì tó wà lára àwọn díẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ gbogbo wọn níyà. Iṣẹ́ ńlá kan, APOLLO, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 ní Amẹ́ríkà láti wo ọ̀rọ̀ APOL1 lára àwọn olùtọrẹ àti àwọn olùgbà. Ní ọdún 2024, wọ́n yọ àwọ̀ kúrò nínú òṣùwọ̀n náà. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá láàárín ìgbà tí wọ́n mọ APOL1 àti ìgbà tí wọ́n yọ ọ́. Àwa kò rí ohun tó yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òkú ni a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀. Nàìjíríà yàtọ̀. Ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ níbí wáyé ní ọdún 2000 ní ọsibítù St Nicholas ní Èkó, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2002. Lára alààyè ni a ti ń gbà á, ẹbí ni a sì máa ń kọ́kọ́ bojú wò. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fi di ti ẹni méjì. Kíndìnrín tí a yọ kan ẹni tó gbà á, èyí tó kù sì kan ẹni tó fi sílẹ̀.

Ní ọdún 2018, Mona Doshi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pe aláwọ̀ dúdú 136 tó ti fi kíndìnrín tọrẹ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn padà wá fún àyẹ̀wò. Mọ́kàndínlógún ló ní ẹyọ méjì. Kíndìnrín kan tó kù lára àwọn wọ̀nyí ti rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, méjì nínú wọn sì ti dẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kọṣẹ́ pátápátá. Nínú 117 yòókù, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Iye wọn kéré, a kò sì lè fi ènìyàn méjì ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì yẹn fi kíndìnrín sílẹ̀ láti gba ẹlòmíràn là, èyí tó kù lára wọn sì kọṣẹ́.

Ẹ wá wo ìṣirò ilé. Bí ẹnì kan bá ní ẹyọ méjì, bàbá rẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀kan, ìyá rẹ̀ náà sì ní ó kéré tán ọ̀kan. Nítorí náà, àbúrò rẹ̀ ọmọ bàbá kan ìyá kan ní, ó kéré tán, àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti ní ẹyọ méjì bíi tirẹ̀. HLA wà lórí kúrómósóómù kẹfà, APOL1 wà lórí kejìlélógún, ọ̀kan kì í wo ojú èkejì kó tó rìn. Àbúrò tí dókítà sọ pé “ẹ bá ara yín mu pátápátá” lè ní ẹyọ méjì, kó má sì sí ohun tó fi hàn nínú àyẹ̀wò ìbáramu. Ìbejì ẹyin kan ló wá le jù: bí APOL1 bá wà lára ohun tó ba kíndìnrín Kẹ́hìndé jẹ́, ohun kan náà ló wà nínú kíndìnrín Táíwò. Olùtọrẹ tó dára jù lọ ní Boston ní 1954 lè jẹ́ ẹni tó yẹ kí a ronú lẹ́ẹ̀mejì lé lórí ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí.

Ní òpin ọdún 2024, èsì iṣẹ́ kan tó ti ilẹ̀ wa gan-an wá jáde nínú New England Journal of Medicine. Àwọn onímọ̀ H3Africa ló ṣe é, Rasheed Gbadegesin ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú, Akinlolu Ojo sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ènìyàn 8,355 ní Nàìjíríà àti Ghana ni wọ́n yẹ̀ wò. Nǹkan bí 30 nínú 100 ló ní ẹyọ méjì, ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti Amẹ́ríkà. Ẹyọ méjì fi ìdá 25 nínú 100 kún ìṣeéṣe àìsàn kíndìnrín. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò retí ni pé ẹyọ kan ṣoṣo náà fi 18 nínú 100 kún un, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìwé Amẹ́ríkà ti ń kọ́ni bọ̀ ni pé ẹyọ kan kò ṣe nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sá fún ìbẹ̀rù nítorí èyí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní ẹyọ méjì kò ní ní àìsàn kíndìnrín láyé wọn. Nǹkan mìíràn sábà máa ń kún un kó tó bẹ̀rẹ̀, bíi kòkòrò HIV tí a kò tọ́jú. A sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ilé ìjọsìn gbọ́ ọ kí wọ́n tó fi kún ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Kì í ṣe SS.

Èrò tiwa ni pé kí ọsibítù má fi àyẹ̀wò APOL1 lé olùtọrẹ lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún un, kí ó ṣe é bó bá fẹ́, kí ó sì mọ èsì rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń lọ nínú ilé. Àbúrò kì í sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pàápàá bí owó bá ti ń tán, tí ìyá sì ń sunkún ní yàrá. Ọmọ ọdún 22 ni wọ́n á wò, nítorí òun ló lágbára jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọjọ́ iwájú rẹ̀ gùn jù pẹ̀lú kíndìnrín kan. Ẹni tó ti lé ní 50, tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní, ti fi ọdún rẹ̀ fi hàn pé bí ó tilẹ̀ ní ẹyọ méjì, kò tíì ṣe é ní ohun kan. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti ń ro ọjọ́ orí mọ́ ọ̀rọ̀ APOL1 báyìí.

Wọ́n tún ti ń dán oògùn wò. Inaxaplin ni wọ́n pè é, ó ń dí APOL1 lọ́wọ́ nínú kíndìnrín. Nínú ìdánwò kékeré kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, èyí tí Ogo Egbuna ṣíwájú nínú àwọn tó kọ ọ́, ènìyàn 13 tí wọ́n lo oògùn náà bó ṣe yẹ rí i pé pròtéènì tó ń jò sínú ìtọ̀ wọn fi nǹkan bí ìdajì dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ìdánwò tó tóbi jù ú lọ ti ń lọ lọ́wọ́.